Ilé Tí A Ń Lọ Wò àti Ìwé Tí A Kò Kà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwàásù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àlùfáà ni mí. Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó bá rìn jìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi kò rìn jìnnà púpọ̀, ṣùgbọ́n mo rí ohun kan tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ láti ọjọ́ náà wá, mo sì rò pé kò yẹ kí n fi í pamọ́ fún yín.

Ní oṣù tí ó kọjá ni mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàdínlógún, láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, lọ sí Àgbádárìgì. Àwọn wọ̀nyí ni yóò di olùkọ́ àwọn ọmọ wa lọ́la. Wọ́n ti ń bẹ̀ mí tipẹ́ pé àwọn fẹ́ fi ojú ara wọn rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó wà ní etí ọ̀sà níbẹ̀, èyí tí a kọ́ ní 1845 fún àwọn míṣọ́nnárì, tí a sì ń pè ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Orúkọ Àjàyí Crowther ni ó sọ ilé náà di olókìkí, nítorí gbogbo ènìyàn ni ó ń wí pé ibẹ̀ ni a ti tú Bíbélì sí èdè Yorùbá. Bí ọmọ Yorùbá kan bá fẹ́ lọ kí ibi tí ìwé èdè rẹ̀ ti kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, ọ̀nà Àgbádárìgì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ tọ̀.

N kò jẹ́ kí a ti ibùdó ọkọ̀ gbéra. Mo ní kí gbogbo wọn pàdé mi ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní iwájú Ìgá Ìdúngànràn. Ẹnu yà wọ́n. Ọmọkùnrin kan tilẹ̀ bi mí pé, “Bàbá, ṣé Àgbádárìgì ni a ń lọ ni, àbí Ìgá?” Mo dá a lóhùn pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọmọ ṣe padà wálé, kí ó kọ́kọ́ lọ dúró ní ibi tí a ti mú ọmọ náà lọ.

Ìtàn náà kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún un sọ bí mo ti sọ ọ́ fún wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ní 1821 ni àwọn akónilẹ́rú kọlu ìlú Òṣoògùn, tí wọ́n sì kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. A tà á, a tún un tà. Ìgbà kan tilẹ̀ wà tí a fi í pààrọ̀ ẹṣin, tí a sì dá a padà nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn. Láti ọwọ́ dé ọwọ́, láti ìlú dé ìlú, ó dé Èkó níkẹyìn, a sì tà á fún àwọn Potogí. Láti etí omi tiwa yìí ni a ti kó o sínú ọkọ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ náà mú, wọ́n sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Níbẹ̀ ni Àjàyí ti kọ́ ìwé, tí ó sì ṣe ìrìbọmi ní 1825; orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay ní 1827.

Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bínú sí mi bí mo bá sọ èyí ní gbangba. Kì í ṣe ìlú mìíràn ni ó ti Àjàyí sínú ọkọ̀ àwọn Potogí, Èkó ni. Nígbà tí ó sì padà wá ní oṣù Kìn-ín-ní 1845, tí ó ti di àlùfáà, òun pẹ̀lú Townsend àti Gollmer, Èkó kọ́ ni wọ́n gbà wọlé, nítorí òwò ẹrú ṣì ń gbóná níbẹ̀. Àgbádárìgì ni wọ́n gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ Àgbádárìgì pàápàá kò mọ́ nínú òwò náà. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ikú Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, dí wọn lọ́nà, wọ́n sì ní láti dúró ní etí ọ̀sà fún bí ọdún kan àti ààbọ̀. Báyìí ni ilé náà ṣe wọ inú ìtàn wa.

Láti Ìgá a fi ẹsẹ̀ rìn dé Marina, a wọ ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ó sì gbé wa dé Mile 2 kí oòrùn tó mú. Láti ibẹ̀ a wọ bọ́ọ̀sì. Bí kìlómítà 60 ni gbogbo ìrìn náà. Ní ayé Crowther, ọ̀sà ni ọ̀nà, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n sì ni bọ́ọ̀sì.

A kọ́kọ́ dúró ní ibi tí igi Àgíà wà nígbà kan rí. Abẹ́ igi náà ni a ń sọ pé a ti kọ́kọ́ wàásù ìhìnrere ní ilẹ̀ yìí ní 1842, nígbà tí Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, tí Henry Townsend sì tẹ̀lé e ní oṣù Kejìlá. Igi náà ti wó láti 1959. Ohun ìrántí ni ó dúró ní ipò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a lọ sí ọjà Vlekete, níbi tí a ti ń ta ènìyàn bí ẹni ta ẹran. Àwọn ọmọ náà dákẹ́ níbẹ̀, inú mi sì dùn pé wọ́n dákẹ́.

Nígbà tí a dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìdákẹ́jẹ́ náà tán. Ilé náà kò tóbi lójú ẹni tí ó ti Èkó wá. A gun òkè, a sọ̀ kalẹ̀, a wo ọ̀sà láti ojú fèrèsé. Kálukú mú fóònù rẹ̀ jáde. Wọ́n ya ilé, wọ́n ya àkàsọ̀, wọ́n ya ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹnì kan fi wí fún mi pé, “Bàbá, a ti rí i.”

A ti rí i! Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gún mi lọ́kàn. Mo pè wọ́n jọ sí abẹ́ ibòji kan ní iwájú ilé náà, mo sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí. Wọ́n ní ibi tí Crowther ti tú gbogbo Bíbélì ni. N kò bá wọn wí, nítorí èmi fúnra mi ti kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí n tó fi ara balẹ̀ ka ìtàn ọkùnrin náà. Mo tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ wọn, mo sì tún ọ̀rọ̀ mi sọ báyìí.

Crowther ti tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá àkọ́kọ́ tirẹ̀ jáde ní London ní 1843, kí a tó kọ́ ilé yìí rárá. Ní 1844 ó ti ń fi Yorùbá ṣe ìsìn fún àwọn ènìyàn wa tí ń bẹ ní Freetown. Ó gbé ní Àgbádárìgì títí di 1846, ó sì gòkè lọ sí Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Nínú oṣù kan náà ni òun àti ìyá rẹ̀ fi ojú kan ara wọn, lẹ́yìn ọdún 25 tí a ti yà wọ́n nípa. Ìwé Róòmù tí ó tú jáde ní 1850. Ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ tí ó tóbi ju ti ìṣáájú lọ jáde ní 1852. Odindi Bíbélì Yorùbá kò sì jáde títí di 1884. Kì í sì í ṣe òun nìkan ni ó ṣe é. Àwọn mìíràn ràn án lọ́wọ́, pàápàá àlùfáà Thomas King, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa mọ́. Láti 1843 dé 1884 jẹ́ ọdún 41. Ilé kan kò lè gba iṣẹ́ ọdún 41 sínú, bí ó ti wù kí ó ní àjà tó.

Ẹ sì wo bí ó ti ṣe iṣẹ́ náà. Ọmọdé ni nígbà tí a mú un kúrò nílé. Ó mọ̀ pé èdè tí ọmọdé gbé lọ kò tó èyí tí a fi í kọ ìwé. Nítorí náà ó jókòó ti àwọn àgbà, ó tẹ́tí sí bí wọ́n ti ń rojọ́, bí wọ́n ti ń súre, bí wọ́n ti ń pa òwe, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé atúmọ̀ rẹ̀ ti 1852 yóò bá òwe níbẹ̀ jáǹtírẹrẹ. Ọkùnrin yìí ti mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó ti kọ́ èdè Gíríìkì. Yunifásítì Oxford fi oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn dá a lọ́lá ní 1864, ní ọdún kan náà tí ó di bíṣọ́ọ̀bù. Síbẹ̀ kò tì í lójú láti di akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ àwọn àgbà tí kò mọ ìwé.

Nígbà tí mo sọ èyí tán, mo mú Bíbélì Yorùbá mi jáde láti inú àpò, mo ṣí i sí Orin Dáfídì, mo sì bèèrè ta ni yóò kà á sí wa létí. Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ gbà á. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó gidi ni, ọmọ Mùsùlùmí. Agboolé wọn kò jìnnà sí Ìgá. Ó gbọ́ Yorùbá, ó ń sọ ọ́, ó sì lè fi dá àpárá tí gbogbo kíláàsì yóò fi rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n bí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kà, ọ̀rọ̀ ń fọ́ mọ́ ọn lẹ́nu bí ìkòkò amọ̀. Ó pe ẹ̀ṣẹ̀ ní ẹsẹ̀, ó pe ọ̀wọ̀ ní ọwọ́. Ibi tí ó yẹ kí ó ti mí kọ́ ni ó ti ń mí. Nígbà tí ó dé ẹsẹ kẹta, ó dúró, kò sì lè tẹ̀síwájú mọ́. Kò sí ẹni tí ó fi í ṣe ẹlẹ́yà, nítorí kálukú wọn mọ̀ pé bí ó bá kan òun, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí. Olùkọ́ ọ̀la ni gbogbo wọn.

Ìyá àgbàlagbà kan jókòó nítòsí wa tí ó ń ta àgbọn. Ẹ̀gùn ni ìyá náà, Ẹ̀gùn ni ó sì ń bá àwọn tí ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ. Ó gbọ́ ibi tí ọmọ náà dúró sí. Ó gba orin náà níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ dé òpin láìwo ìwé, àdá tí ó fi ń la àgbọn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré.

Mo kí i, mo ní, “Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbo ni ẹ ti kọ́ Yorùbá tí ó já gaara báyìí?”

Ó ní, “Àlùfáà, èmi kì í ṣe Yorùbá o. Ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi ni mo ti kọ́ ọ ní kékeré. Ẹni tí kò bá lè kà á, a kì í fún un ní oúnjẹ Kérésì.” Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó yí ojú sí ọmọbìnrin náà, ó sì fi pẹ̀lẹ́tù bi í pé, “Ọmọ mi, ìwọ ńkọ́? Ṣé Yorùbá kọ́ ni ọ́ ni?”

Kò fi í bú u. Ó bèèrè bí ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ìbéèrè tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣe olùkọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ṣì mí gbọ́: kì í ṣe ìfẹ́ ọkàn mi pé kí Ẹ̀gùn fi èdè tirẹ̀ sílẹ̀ fún tiwa. Ẹ̀tọ́ tí a ń bèèrè fún Yorùbá, a kò gbọdọ̀ fi du Ẹ̀gùn. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé ni ó bá wa tọ́jú ẹrù ilé, nígbà tí àwa ọmọ ilé ń ya àwòrán ògiri.

Ní ìrọ̀lẹ́, a padà dé Marina. Mo mú wọn wọ inú Kàtídírà, níbi tí ohun ìrántí Crowther wà, mo sì parí ìtàn náà fún wọn. Ní Èkó ni ó kú sí, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891. Itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ni a sin ín sí, níbi tí àwọn gbajúmọ̀ ìgbà náà sùn sí. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba tú itẹ́ náà palẹ̀ láti fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn, a sì ní láti gbé egúngún bíṣọ́ọ̀bù náà wá sí Kàtídírà. Ẹ gbọ́ bí ìtàn náà ti lọ, ẹ̀yin àgbà: Èkó tà á, Èkó sin ín, Èkó sì tún hú u. Gbèsè mélòó ni ìlú kan lè jẹ ọmọ kan ṣoṣo?

Kì í sì í ṣe òun nìkan. Ẹ rántí ilé Fernandez, tí a tún ń pè ní Ilé Ìlọ́jọ, nítòsí gbàgede Tinúubú. Àwọn Àgùdà ni ó kọ́ ọ pẹ̀lú ọgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n gbé ti Bùràsílì bọ̀. Ìjọba ti kéde rẹ̀ ní 1956 pé ohun ìrántí ilẹ̀ wa ni. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, a wó o lulẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Ìdí kan tí àwa ará Èkó fi ń rìn kìlómítà 60 láti lọ wo ilé àtijọ́ ni pé àwa fúnra wa ti wó èyí tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Erékùṣù Èkó yìí gan-an jẹ́ ilé ìwé Yorùbá. Ní Èkó ni àwọn aṣáájú ìjọ ti pàdé ní oṣù Kìn-ín-ní 1875 láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ìwé ìtàn Yorùbá tí àlùfáà Samuel Johnson fi gbogbo agbára rẹ̀ kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sọnù, tí àbúrò rẹ̀ Oníṣègùn Obadiah Johnson sì tún tò jọ, ilé ìtàwé CMS ní Èkó ni ó gbé e jáde ní 1921. Èkó ni Adéoyè Dénìgà ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Èkó Àkéte ní 1922, tí Akíntàn sì bẹ̀rẹ̀ Elétí Ọfẹ ní 1923. Èkó ni I. B. Thomas ti ń tẹ Akéde Èkó, nínú èyí tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá ní 1929, tí ó kọ ọ́ bí lẹ́tà, àfi bí ẹni pé obìnrin náà wà láàyè tí ó ń ránṣẹ́ sí olóòtú lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ó sì di 1938, ilé ìtàwé CMS kan náà ni ó gbé ìwé àkọ́kọ́ Fágúnwà nípa ògbójú ọdẹ jáde. Mo bi àwọn ọmọ náà léèrè nípa gbogbo èyí lórí àtẹ̀gùn Kàtídírà. Fágúnwà nìkan ni wọ́n mọ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì mọ̀, kì í ṣe ìwé rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò wí pé ìjọba ni ó yẹ kí ó mójú tó èyí. Ìjọba ti ṣe díẹ̀. Ní 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin pé kí a máa kọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé-ìwé. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan kalẹ̀ pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ tún fagi lé e. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú èyí ni pé ohun tí ìjọba fi ọwọ́ kan gbé kalẹ̀, ó lè fi ọwọ́ kejì gbé e kúrò. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá fi sí ọmọ lẹ́nu nílé, ta ni yóò ká a kúrò níbẹ̀? Ẹnu àwọn òbí ni ìyá ẹlẹ́gbọn... rárá, kì í ṣe ẹnu òfin, ni ìyá alágbọn ti gba Yorùbá tirẹ̀. Ó gbà á lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ tí kò jẹ́ kí ó fò ó.

Ẹlòmíràn yóò wí pé Gẹ̀ẹ́sì ni oúnjẹ ọmọ wa lóde òní. N kò jiyàn. Èmi náà ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ń fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ̀ ọ́n dénú. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ Gẹ̀ẹ́sì ju Crowther lọ nínú àwọn ènìyàn wa ìgbà náà? Kò rò pé ọwọ́ kan ni a fi í jẹun, kí ó wá gé èkejì sọnù. Ọmọ tí ó bá mọ èdè ìyá rẹ̀ kà, tí ó mọ ibi tí ohùn ti ń gòkè àti ibi tí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀, kò pàdánù nǹkan kan nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lè ka tilé, tí ti òde náà kò sì yanjú lẹ́nu rẹ̀, ẹ sọ fún mi, níbo ni yóò dúró sí?

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀kíní, sí àwa olùkọ́. Kí a má ṣe kó ọmọ lọ wo ilé ońkọ̀wé kankan, ní Àgbádárìgì, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òkè-Igbó ilé Fágúnwà, bí wọn kò bá kọ́kọ́ ka ojú ìwé mẹ́wàá nínú iṣẹ́ rẹ̀ sókè. Kí ìwé ṣáájú, kí ọkọ̀ tẹ̀lé e. Olùkọ́ tí kò bá lè ka ojú ìwé kan ní Yorùbá láìkọsẹ̀, kí a má ṣe rán an sí àwọn ọmọ wa.

Ẹ̀kejì, sí ẹ̀yin olóyè onífìlà funfun àti ẹ̀yin olórí agboolé. Inú àpótí àwọn ìyá yín àgbà ni àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ wà, àti lẹ́tà, àti ìwé oríkì tí a fi ọwọ́ kọ. Ikán ń jẹ wọ́n. Kí ẹ tó ta ilé, ẹ wo inú àpótí. Kí ẹ tó jẹ́ kí a wó ògiri, ẹ bèèrè ẹni tí ó gbé inú rẹ̀ rí àti ohun tí ó kọ. Ilẹ̀ lè padà sọ́wọ́ olówó mìíràn. Ìwé tí ikán bá jẹ kì í padà.

Ẹ̀kẹta, sí Ẹgbẹ́ wa. A ń pàdé lóṣooṣù, a ń jẹ, a ń mu, a ń fi Gẹ̀ẹ́sì ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ó kọjá. Kí a ya ìdajì wákàtí sọ́tọ̀ ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí ọmọdé kan dìde, kí ó ka Yorùbá sí wa létí, kí àwọn àgbà sì tún un ṣe fún un bí ó bá ṣì í kà. Kò ní ná wa ní kọ́bọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn tí a padà dé, ọmọbìnrin tí mo sọ nípa rẹ̀ wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ní òun fẹ́ ìwé Yorùbá kan tí òun yóò máa kà. Mo yá a ní ìwé Fágúnwà tí ó ti wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà èwe mi. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá mo bi í bí ó ti ń kà á sí. Ó ní ìyá àgbà òun, tí kò lọ sí ilé-ìwé kankan rí, ni ó ń gbọ́ ọ lálaalẹ́ lẹ́yìn ìrun alẹ́, àti pé bí òun bá ti ṣi ohùn pè, ìyá náà a dá òun dúró, a ní kí òun tún un kà.

Báyìí gan-an ni Crowther ṣe kọ́ ọ, lẹ́sẹ̀ àwọn àgbà. Ìwé mi kò tíì padà, n kò sì tíì bèèrè rẹ̀. A ń ki Èkó ní ilé ọgbọ́n. Ẹ jẹ́ kí a rí i pé ọgbọ́n náà ń gbé inú ilé.